Ọjọ́ tí Mo Ní Mo Fẹ́ Lo Ọkàn Ènìyàn

Òórùn ẹyìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè ló ń ta sí mi nímú ní Igbodigo, ìlú wa, lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí mo fi ẹnu ara mi ba ara mi lẹ́rù. Mo ti lo ọdún kan ní yunifásítì, ṣòkòtò mi ń gbálẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò lè túmọ̀ sí Yorùbá.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ènìyàn tí mo ń kọ́, èyí tí òyìnbó ń pè ní saikọ́lọ́jì, pín sí. Mo ní láti mú ọ̀kan kí ìsinmi tó parí, bàbá mi kò sì ní jẹ́ kí n padà láìmọ ohun tí mo ń lọ kọ́. Mo bá a níbi tó ti ń gún ẹyìn lódó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, jókòó tì í.

"Bàbá, ọ̀nà kan wà tí a kàn ń mọ ọkàn ènìyàn. Nínú èkejì, a máa ń lò ó. Èkejì ni mo fẹ́."

Ọmọ odó dúró lófuurufú. "Ẹ ń lo kí ni?"

"Ọkàn ènìyàn."

"Jésù!" Ìyá ìjọ ti fò dìde. "Ta ló ń fún yín lọ́kàn tirẹ̀? Àbí ẹ ń jí i ni?"

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ̀kọ́ náà ni a ó lò, kì í ṣe ọkàn. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí wọ́n ti ń fi gbọ́mọgbọ́mọ dẹ́rù ba ọmọdé, ta ni yóò dúró gbọ́ àlàyé? Ẹ̀rù lé gbogbo Yorùbá kúrò lẹ́nu mi. Mo ní kì í pani lára.

"Ẹ gbọ́ ọ! Ó ní kì í pani lára!" Ìyá ìjọ sáré lọ pe wòlíì.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àbẹ́là, omi àdúrà ń ṣàn wọ̀ mí lọ́rùn. Àdúrà kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ mi, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ejò tó wọlé.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Mo pariwo pé mo ti yí padà, pé mímọ̀ nìkan ni mo fẹ́, mi ò ní lò ó láéláé.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Ìyẹn dáa. Máa mọ̀ ọ́n. Má fọwọ́ kàn án."

Bí mo ṣe di ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Ẹlẹgbẹ́ mi tó mú èkejì ń tu aláìsàn nínú. Èmi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní oríṣiríṣi ẹ̀rù tó wà. Bí wọ́n bá bi mí léèrè èyí tó burú jù, ohun tó wà nínú ìwé ni mo máa ń sọ. Èyí tí mo mọ̀ kò sí níbẹ̀: kí ẹni tó bíni máa bẹ̀rù ẹni.