Gìtá Béèsì Tí Mo Fi Òrí Pa Lára

Ìdí mi kì í pẹ́ lórí àga. Bí mo bá fi agídí jókòó, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ta nǹkan: tábìlì, apá àga, ẹ̀yìn ẹni tó jókòó síwájú mi nínú mọ́tò. Ọkùnrin kan fẹ́ bá mi jà rí ní Mile 2 torí pé mo ń fi ìka ta béèsì sí èjìká rẹ̀. Mo ní kó má bínú, pé èjìká rẹ̀ ló ní ohùn tó dùn jù nínú gbogbo ọkọ̀ náà. Ó ro ó díẹ̀, ó ní kí n máa bá a lọ nígbà náà.

Béèsì ni àìsàn mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, gìtá olókùn mẹ́rin ni, ọrùn rẹ̀ gùn, okùn rẹ̀ nípọn, ohùn rẹ̀ sì máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá. Ẹni tó ń jó lè má fi etí gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbọ́. Mo ta á nígbà èwe mi nínú ẹgbẹ́ olórin kan, gìtá ọ̀gá wa ni mo sì fi ń ta á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń ṣeré ní gbangba, mo fọwọ́ kan okùn tó nípọn jù, ohùn kan jáde níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó wọ egungun àyà mi, ó jókòó síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá wa kó lọ sókè òkun, ó gbé gìtá rẹ̀ dání. Òun ò padà, ohùn yẹn náà ò padà. Àtìgbà náà ni mo ti ń wá a kiri.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn ni pé bí ohùn náà ṣe jáde lọ́jọ́ yẹn, omi kánààlì Festac fà sẹ́yìn, ewúrẹ́ kan sì bímọ láìtọ́jọ́ lọ́hùn-ún ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. Ìyàwó mi, tó ń ta gààrí àti ìrẹsì àti ọṣẹ níwájú ilé wa, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ tí yóò fi gé e lórí. Á ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn. Òjò ló dá, ni omi bá fà." Iṣẹ́ tó fi ń bá mi gbé nìyẹn. Bí mo bá sọ pé erin, á ní ewúrẹ́ ni. Bí mo bá sọ pé ewúrẹ́, á ní ta ló rí i.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkarùn-ún ni mo ti sá jáde. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni mo tà ní Trade Fair títí mo fi gbé ṣọ́ọ̀bù náà lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ohun tí ọjà náà sì mú wá, gìtá ló gbé e mì. Èmi kì í ra gìtá tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde bíi bisikíìtì o. Èyí tí ènìyàn fọwọ́ gbẹ́ nìkan ni, tí ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ igi tó ti wá, tó sì fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára. Àkọ́kọ́, òyìnbó arúgbó kan ló gbẹ́ ẹ, atukọ̀ òkun kan ló bá mi gbé e wọlé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi ni mo tà kí n tó rà á. Mo fẹsẹ̀ rìn wálé, gìtá wà léjìká mi, inú mi dùn bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ pààrọ̀ ìyẹ́. Ìkejì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, mo máa ń sọ fún àlejò pé ìsàlẹ̀ òkun ni igi rẹ̀ ti hù. Ìkẹta ti Gánà wá, ó wúwo débi pé kẹ̀kẹ́ márúwá tó gbé wa fi ẹsẹ̀ kan rìn délé.

Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu mi, mi ò ní fẹ́ gbé e sílẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, màá rí i pé ohùn ọjọ́ yẹn ò sí nínú rẹ̀. Ara mi ò ní lélẹ̀ mọ́. Màá gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, màá tún bọ́ síta.

"Bàbá Ìbejì," ni ìyàwó mi máa ń wí, "ìyàwó mẹ́ta lẹ ti fẹ́ lé mi lórí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè fọ abọ́."

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé obìnrin kan ń fọwọ́ gbẹ́ béèsì ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin, lẹ́yìn ibi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí, mi ò parí oúnjẹ tó wà níwájú mi. Mo bá a láàárín èérún igi, ó dè gèlè kékeré, irun ojú rẹ̀ funfun fún ìyẹ̀fun pákó. Festac níbí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, iṣẹ́ báǹkì ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó fi igi àpá kan hàn mí tó ti ń gbẹ lábẹ́ òrùlé. Mo fi ìka kàn án. Igi lásán ni o, kò tíì ní okùn, àmọ́ ó dáhùn.

"Gbẹ́ ẹ fún mi," mo ní. "Kí ọrùn rẹ̀ nípọn, kó kún ọwọ́ dáadáa." Bí ọrùn gìtá ọ̀gá mi ṣe rí nìyẹn.

Ó wo ọwọ́ òsì mi. Mo tì í bọ àpò.

"Dádì," ó ní, "èmi kì í ta gìtá bí ẹni ń ta búrẹ́dì. Tí mo bá parí ẹ̀, màá kọ́kọ́ wá sílé yín, màá wo ibi tó fẹ́ lọ gbé."

"Ṣé ìyàwó ni?"

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi. Ṣé wọ́n máa ń fọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí? Mo gbé ọ̀kan fún olówó kan rí. Nígbà tí mo yà síbẹ̀, ó gbé e kọ́ ara ògiri, wọ́n fi iná Kérésì yí i lọ́rùn ká. Mo sunkún títí mo fi délé."

Mo ní kó má ṣèyọnu, pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń ṣeré, pé àwọn tó ń wá gbọ́ mi máa ń tò dé ẹnu géètì, pé ọlọ́pàá ló máa ń bá wa tú wọn ká. Ó ní òun á fẹ́ rí i.

Bí ìdúró ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní igi ní láti sinmi kó tó gbẹ́ ẹ, ó tún ní láti sinmi lẹ́yìn tó bá gbẹ́ ẹ. Igi ń sinmi, èmi ò sinmi. Màá rìn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá yọjú, màá padà, màá tún yà bí ẹni gbàgbé nǹkan. Mo sọ fún un pé gómìnà ń retí mi. Mo sọ fún un pé dókítà ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́.

"Dókítà wo?" ó bi mí.

"Ó ti kú."

Ó ń gbẹ́ igi rẹ̀ lọ.

Nígbà tó wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé gìtá ti parí, pé òun ń bọ̀ wá wo ilé lọ́jọ́ Sátidé, jìnnìjìnnì mú mi. Mo fa àwọn mẹ́ta àtijọ́ jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Okùn ti dípẹtà. Ọmọọ́lé ti yé ẹyin sí inú àpò ọ̀kan. Igi wọn gbẹ, ó funfun bí àtẹ́lẹsẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ẹ gbà mí níyànjú: bí àlejò bá ń bọ̀ tí ara ọmọ ẹni funfun báyìí, kí la ń ṣe? Ṣe bí òrí la fi ń pa á. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi, mo gbé ike òrí rẹ̀, mo fi pa wọ́n láti orí dé ìdí. Mo pa ọrùn, mo pa okùn. Wọ́n ń dán gbinrin bí ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìkómọ. Mo tò wọ́n sórí àga pálọ̀, èmi fúnra mi dúró, mi ò ráyè jókòó.

Obìnrin náà dé, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ìyàwó mi gbé mọ́ọ̀tì tútù fún un. Ó nawọ́ gbé gìtá òyìnbó, ó dì í lọ́rùn mú, ni gìtá bá yọ̀ bọ́ bí ẹja àrọ̀. Orí tìmùtìmù ló balẹ̀ sí, Ọlọ́run ló yọ mí. Obìnrin náà fi ìka ra ìka. Ó gbé e sí imú.

"Dádì, kí lẹ fi pa á?"

"Epo pàtàkì kan ni, òkè òkun ni wọ́n ti ń gbé e wá."

"Òrí mi ni," ni ìyàwó mi wí. "Mo ti ń wá a látàárọ̀."

Obìnrin náà tún gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ kú ewu ọmọ o. Ta ló bí i?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti dọ̀rẹ́, ibẹ̀ sì ni tèmi ti bàjẹ́.

"Màmá, ìgbà wo ni Dádì ta gìtá gbẹ̀yìn?"

Mo ṣẹ́jú sí ìyàwó mi.

"Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú sí mi," ló wí. "Wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á wò ó, wọ́n á gbé e padà. Ohùn kan ni wọ́n ń wá. Mo ti ń gbọ́ nípa ohùn náà kí n tó lóyún àwọn ìbejì."

Obìnrin náà fa aṣọ yọ nínú báàgì rẹ̀, ó nu òrí kúrò lára okùn, ó gbé gìtá lé mi lọ́wọ́. "Ẹ ta á kí n gbọ́."

Mo ta á. Ọwọ́ òsì mi ò ká ọrùn rẹ̀ já. Ìka àárín mi dúró gangan bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó kọ̀, okùn sì ń ké bí eṣinṣin inú ìgò.

"Àrà tuntun nìyẹn," mo ní.

Kò rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà wo ni ìka yẹn ti ń ṣe báyìí?"

"Láti àná."

"Láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti bímọ," ni ìyàwó mi wí. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ti ń ṣọ́ ọwọ́ mi.

"Mi ò lè gbé gìtá tuntun yẹn fún yín bó ṣe wà, Dádì," obìnrin náà wí. "Ọwọ́ yín ò ní ká ọrùn tẹ́ ẹ ní kí n gbẹ́. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló máa gbà lọ. Mo lè fá ọrùn náà kó tín-ín-rín, àmọ́ tí mo bá fá a, ohùn ẹ̀ lè fúyẹ́. Igi tí mo bá sì ti fá dànù, mi ò lè lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ kọ́kọ́ wá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù."

Mo tẹ̀ lé e dé Amúwó-Ọ̀dọ̀fin. Ó so gìtá tuntun náà mọ́ sípíkà. Ó ní kí n gbé ọwọ́ òsì kúrò, kí n kàn fi ọ̀tún ta okùn tó nípọn jù. Mo ta á.

Òun ni. Mi ò purọ́ eléyìí. Ó wọ egungun àyà mi, ó bá ibi tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́sí, ó jókòó síbẹ̀. Mo tún ta á. Mo tún ta á. Mo gbé ọwọ́ òsì síbẹ̀ kí n lè fi ohùn náà kọrin, ìka ò gbà. Mo rìn yípo ṣọ́ọ̀bù náà. Mo jáde lọ wo àwọn mẹkáníìkì, mo padà. Mo lè gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kí n máa ta okùn kan ṣoṣo títí n ó fi kú. Àmọ́ okùn kan kì í ṣe orin. Ẹni tó ń pe orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ ṣáá, tí kò ní gbólóhùn kejì láti bá a sọ, wèrè ni wọn yóò pè é.

"Fá a," mo ní.

Ó ní kí n jókòó nígbà náà, kí n má mì, nítorí bíi télọ̀ ló ṣe máa ń ṣe é: á fá díẹ̀, á gbé e sí mi lọ́wọ́, á gbà á padà, á tún fá díẹ̀. Ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n kò ṣeé wọ̀n. Mo jókòó. Èérún igi àpá ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, mo mọ ohun tó ń bá a bọ́. Òógùn bò mí. Àmọ́ mi ò dìde, títí ìka mi fi ká ọrùn náà já.

Nígbà tó so okùn padà tí mo ta á, ohùn náà ti fúyẹ́. Ó jọ ọ́ bí àbúrò ṣe ń jọ ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó gbà kí n bá òun rìn láti okùn kan dé ìkejì, ìka àárín mi náà sì ń tiro tẹ̀ lé wa. Obìnrin náà fi aṣọ wé e, ó gbé e fún mi. Ó ní bí òun bá tún gbóòórùn òrí lára rẹ̀, òun á gba ọmọ òun padà.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ni mo ti ń ta á báyìí, lórí bẹ́ǹṣì, ní ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn náà ò mú kí ara mi lélẹ̀. Ẹsẹ̀ mi á máa mì, ojú mi á máa wo títì.

"Ohùn tẹ́ ẹ ń wá kọ́ nìyẹn," ni ìyàwó mi wí ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, láìgbé orí sókè.

"Mo mọ̀."

"Ẹ máa ta á lọ."

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà rẹ̀ kan tó wá ra gààrí dúró gbọ́ mi, ó béèrè ibi tí irú gìtá bẹ́ẹ̀ ti wá. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan okùn rẹ̀, omi kánààlì fà sẹ́yìn. Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó mi, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe. Mo ń retí kó ní òjò ló dá.

Ó wọn gààrí tán, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ẹja kan tiẹ̀ ṣẹ́kù sórí ilẹ̀," ló wí. "A fi se ọbẹ̀."