Ológbò Bímọ Sórí Aṣọ Ìjọsìn Mi

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí nígbà tí ológbò wa bímọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa: nígbà tí ológbò tí mo ń pè ní akọ bímọ. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì sì ni mí nígbà náà, ní Òkè-Ṣópẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìyàwó mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ikùn ológbò náà ń tóbi. Mo ní àjẹjù ni. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ ẹranko sílẹ̀ fún ẹni tó kàwé nípa rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá bẹ ìjọ wa wò, èmi ni wọ́n sì yàn láti ka Ẹ̀kọ́ Kìíní níwájú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà wa ti kìlọ̀: ẹni tí kò bá wọ aṣọ funfun kò ní kàwé, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìyàwó mi ti fi sítáàṣì sí aṣọ funfun mi kan ṣoṣo, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì ti ká a sínú apẹ̀rẹ̀. Ní aago méje àárọ̀, mo wọ yàrá lọ mú un. Ológbò ló dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin tí ojú wọn ò tíì là. Ó wò mí bí ẹni pé ó yẹ kí n kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá àwọn ọmọ! Wá wo nǹkan!"

Ìyàwó mi dé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Dádì, ṣé àjẹjù náà nìyẹn? Mẹ́rin ni o!"

"Bá mi gbé wọn kúrò lórí aṣọ mi."

"Èmi kọ́. Kí n fọwọ́ kan ọmọ tuntun, kí ìyá wọn wá kó wọn jẹ? Ẹ lọ wá aṣọ mìíràn."

Mo sáré lọ bá káfíńtà tó múlé gbè wá. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, sùtánà funfun ò sì wọ́n nílé rẹ̀.

"Ọ̀gá tíṣà," ó ní, "òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé aṣọ wa dára?"

"Ẹ má bínú, wòlíì. Ẹ ṣáà gbà mí."

"Màá yá yín. Ṣùgbọ́n a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ẹ ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Ẹni tó ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ kò lè ṣèlérí tán kó tún yẹ̀ ẹ́.

Bí mo ṣe fẹsẹ̀ lásán wọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Sùtánà náà ń gbálẹ̀. Àlùfáà wò ó, ó rí i pé ó funfun, ó jẹ́ kí n kọjá. Mo ka Ẹ̀kọ́ Kìíní já, n kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo ká aṣọ sókè kí n má bàa tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìjọ sì rí ẹsẹ̀ mi.

Ìyá Ìjọ, tó jókòó níwájú, fìgunpá tọ́ ẹnì kejì rẹ̀. "Bọ́ bàtà ẹ! Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àṣẹ Bíṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀rọ̀ náà lọ láti ìjókòó dé ìjókòó. Kí a tó kọ orin tán, àwọn akọrin ti bọ́ tiwọn. Àlùfáà wa rò pé wọ́n gbàgbé láti sọ fún òun ni, ó rọra fẹsẹ̀ ti bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga. Bíṣọ́ọ̀bù wò yíká, ó rò pé àṣà ìlú wa ni, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀.

Ó pa ìwàásù tó kọ wá tì, ó wàásù lórí Mósè àti ilẹ̀ mímọ́. Ó ní òun kò tíì rí ìjọ tó nírẹ̀lẹ̀ tó tiwa. Èmi tí mo máa ń tún ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ṣe, n kò tún tirẹ̀ ṣe.

Nígbà tí ìsìn parí, ó pẹ́ kí oníkálukú tó rí bàtà rẹ̀. Olórí akọrin wọ ọ̀kan tirẹ̀ àti ọ̀kan ẹlòmíràn relé.

Mo bẹ ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ fi wá kọ́gbọ́n: bí ẹ bá rí ẹni tó bọ́ bàtà, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó bọ́ tiyín.