Abẹ́rẹ́ Inú Fìlà

Bàbá Télọ̀ kì í bọ́ téèpù tó fi ń wọn èèyàn kúrò lọ́rùn, kódà lọ́jọ́ ìsinmi. Ó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí èmi àti òun bá àwọn àgbà Yorùbá mẹ́ta gun òkè lọ́nà Ogidi, nígbà tí wọ́n ń tún Onitsha kọ́ lẹ́yìn ogun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni, mo sì fẹ́ kí àwọn àgbà náà kà mí sí. Mo ń ṣàlàyé bí òkúta ṣe ń di òkè, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ bá ti ní, "A ti dé ìbàdí rẹ̀, ó ku àyà," wọn á rẹ́rìn-ín títí. Mo wá ń jowú ẹni tí kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ.

Ó wo bóńgò tí mo rán ní Èkó. "Ọ̀gá yunifásítì, ṣòkòtò yìí ò lè gun òkè o."

"Bàbá, ẹni tó rán an mọṣẹ́."

A ò tíì dé ọrùn òkè tó fi ya nídìí. Bàbá Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ nínú fìlà, ó rán an mọ́ mi lára, àwọn àgbà sì yí mi ká.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kí lo ń sọ nípa òkúta lẹ́ẹ̀kan?"

Bóńgò náà ti gbó tán báyìí. Ibi tí Bàbá Télọ̀ rán nìkan ni kò já, mo sì ti fà á dáadáa.