Àkàyé Tí Bàbá Mi Yàn fún Mi

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, àkàyé Gẹ̀ẹ́sì ló dá mi padà. Mo mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí àyọkà gígùn, bí ẹni wọ igbó tí kò mọ̀ ni. Ulé là ń pe ilé nílé wa ní Ìkéré, uṣu là ń pe iṣu. Yorùbá ilé ìwé pàápàá, ńṣe la kọ́ ọ, áńbọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì.

Olùkọ́ ìtàn ni bàbá mi ní ilé ìwé girama kan lọ́nà Ìsẹ̀. Alùpùpù ni wọ́n ń gùn lọ síbẹ̀. Nígbà tí èsì mi dé, wọn ò bínú. Wọ́n kó ìwé ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá jọ, wọ́n ní kí n máa ṣe àyọkà méjì lójúmọ́. Mo ṣe é títí mo fi mọ ìdáhùn sórí. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá gbé àyọkà tí mi ò rí rí síwájú mi, ẹsẹ̀ mi á tún yọ̀. Ìyá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ìbéèrè kì í kọ́ni níwèé kíkà; ẹni tó bá fẹ́ mọ̀wé kà, kó máa ka ohun tí ẹnì kan kọ nítorí pé ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Bàbá mi gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé ìròyìn bọ̀ wálé. Wọn ò jẹ́ kí n ka ti bọ́ọ̀lù. Abala tí àwọn àgbà ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n yàn fún mi. Wọ́n á ní kí n kà á sókè, bí mo bá sì parí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: kí ni ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ ká gbà?

Láàárín oṣù mẹ́ta, ojú mi là sí Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń yàn fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n gbé lẹ́tà ìjọba láti Àkúrẹ́, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, fún mi, lẹ́yìn náà àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn olùkọ́, lẹ́yìn náà àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Wọ́n ní àkàyé ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé mi sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n á ní kí n ka gbogbo pátákó ẹ̀bá ọ̀nà sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀dà ìwé ìròyìn kan náà wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Èmi ń kà, bàbá mi ń mi orí sí i. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ojú ìwé ìkéde òkú ni wọ́n ṣí sílẹ̀. Wọn ò mọ̀. Mo ń kà á lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i pé wọ́n máa ń fọwọ́ wá ife lórí tábìlì, pé ẹni tó bá kí wọn láti ẹ̀gbẹ́ máa ń já wọn láyà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà kan yọ láàárín àwọn ìwé tí wọ́n kó fún mi. Láti ilé ìwòsàn ojú kan ní Ìbàdàn ni. Mo kà á sókè bí mo ṣe ń ka àwọn yòókù, títí mo fi dé ìlà ìkẹyìn. Bàbá mi bi mí bí ìṣe wọn:

“Kí ni ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ ká gbà?”

“Pé kí ẹ má gun alùpùpù mọ́, Bàbá. Ó ní èyí tó ti lọ nínú ojú yín kò lè padà, pé ìyókù náà ń lọ.”

“Má tíì sọ fún ìyá rẹ.”

Mi ò sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jókòó sẹ́yìn wọn tí mò ń ka ọ̀nà: kòtò, ewúrẹ́, kọ́nà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, agbégilódò kan yọ láti ọwọ́ ọ̀tún. Mo ti pariwo kí wọ́n tó rí i. Wọ́n yà bàrá, a bá ara wa nínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Ọwọ́ mi bó. Ẹsẹ̀ bàbá mi ṣẹ́ sí méjì.

Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí dókítà yẹ ojú bàbá mi wò, ìyá mi bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo sọ fún wọn. Wọn ò bá mi sọ ọ́ mọ́ láéláé.

Mo tún ìdánwò náà ṣe. Àkàyé ni mo ti gba máàkì jù. Bàbá mi fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí mo délé láti yunifásítì fún ìsinmi àkọ́kọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí mi, wọn ò mọ̀ pé èmi ni títí mo fi kí wọn.