Ilẹ̀ Tó Wà ní Kóòtù Lára Ògiri Wa

Bí ẹ bá ti gba ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Ọ̀yọ́ rí, ẹ ti ka iṣẹ́ ọwọ́ Mìkáílù, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló kọ ìdajì gbogbo "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" tó wà lára ògiri lọ́nà yẹn. Ọ̀dà pupa ló máa ń lò, lẹ́tà rẹ̀ a sì dúró ṣánṣán. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ilé rẹ̀. Baba Àátíìsì ni gbogbo èèyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é, nítorí Asiyah, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wà ní kíláàsì mi. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Ọjà Igbó ni mo ti ń ṣe tíṣà.

Bí ènìyàn bá gbé iṣẹ́ ilẹ̀ wá fún Baba Àátíìsì, kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ lọ síbi tí ilẹ̀ náà wà, yóò bi àwọn tó ń dáko níbẹ̀ àti àwọn tí ilé wọn kángun sí i pé ta ló ni ín. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ṣe ọ̀kan, yóò kọ "Kì í ṣe títà". Bí kò bá ṣe ọ̀kan, "Ilẹ̀ yìí wà ní kóòtù" ni yóò kọ, kódà kí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ bínú títí di ọ̀la. Mo bi í nígbà kan pé kí ló ń da ara rẹ̀ láàmú sí.

Ó ní nígbà tí òun ṣì wà ní ọ̀dọ́, olówó kan ní kí òun fi ọ̀dà pa ohun tí ẹbí kan kọ sára ògiri wọn rẹ́, kí òun sì kọ orúkọ olówó náà síbẹ̀. Òun kọ ọ́.

"Ìyá àgbà kan jáde nínú ilé, ó dúró sẹ́yìn mi títí mo fi parí," ó wí. "Kò bú mi. Ó kàn ní, 'Ọmọ mi, ṣé wọ́n ní kí o bi wá?' Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé, Tíṣà. Ohùn ìyá yẹn kò kúrò létí mi."

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá ilé ìwé wa, Ìyáàfin Olúwafèyíkẹ́mi, wọ kíláàsì mi, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ya máàpù Áfíríkà sára ògiri tó kọjú sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń tò láàárọ̀. Kí n tó la ẹnu, Asiyah ti nawọ́ sókè pé bàbá àgbà òun lè yà á. Inú Baba Àátíìsì dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra. Ó ní àwòrán olóṣèlú lòun ti ń yà látọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́, òjò kan péré, wọ́n á ti bó. Ó ní eléyìí, ọmọ Asiyah á bá a níbẹ̀.

Láràárọ̀ ló ń wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ wá, àpò búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó fi pẹ́ńsù àti rúlà pín ògiri sí ojú kéékèèké, ó sì ń kun orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Nàìjíríà tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rí i, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà.

Ọjọ́ keje ni wàhálà dé, nígbà tó kan apá òkè lọ́wọ́ òsì. Nínú átíláàsì tèmi, ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọn kò fún ní àwọ̀ kankan, àmì kéékèèké tó-tò-tó ni wọ́n fi fa ààlà rẹ̀. Nínú ti ọ̀gá wa, wọ́n ti pa ilẹ̀ yẹn pọ̀ mọ́ Mòrókò.

"Tíṣà, èwo ni ká tẹ̀ lé?" ó bi mí.

Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún un. Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Mòrókò ní tòun ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ ní àwọn fẹ́ dá dúró. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń fà á. Wọ́n tiẹ̀ ti ṣèlérí rí pé wọn yóò jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ dìbò, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n ìbò náà kò tíì wáyé. Baba Àátíìsì gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú ọkọ̀ ló ti gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Bó ṣe dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kí mi tán.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ gbọ́? Àwọn aṣòfin ilẹ̀ òkèèrè kan ti kọ lẹ́tà nítorí ilẹ̀ àná yẹn. Wọ́n ní kí ìjọba àwọn àti Àjọ Àgbáyé má wulẹ̀ jókòó, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ yan ohun tí wọ́n fẹ́ fúnra wọn. Àwọn tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í ṣe ará."

Kí n tó pe orúkọ àwọn ọmọ tán nínú rẹ́jísítà, ó ti parí iṣẹ́. Ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní funfun, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà tín-ín-rín pé: "Ilẹ̀ yìí wà ní kóòtù."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá wa kò rẹ́rìn-ín rárá, nítorí alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

"Baba, máàpù ni mo ní kí ẹ yà, kì í ṣe ogún bàbá yín," ó wí. "Ẹ kùn ún ní àwọ̀ Mòrókò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa gbogbo ògiri náà rẹ́."

Asiyah ń wò wọ́n lójú wíńdò. Fífà búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì péré ni ì bá gba gbogbo iṣẹ́ náà là.

"Ẹ má bínú, mà," Baba Àátíìsì dáhùn. "Mi ò lè kùn ún. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi wọ́n. A kì í fárí lẹ́yìn olórí."

Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó lọ. Kí n má purọ́, inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń bẹ̀rù alábẹ̀wò, èkejì lórí kunkun, Asiyah ló sì ń sunkún nínú kíláàsì mi. Mo bẹ ọ̀gá títí ó fi gbà kí ògiri náà wà bẹ́ẹ̀ títí alábẹ̀wò yóò fi lọ. Ó ní tí alábẹ̀wò náà bá fi lè sọ̀rọ̀ sí i, ọ̀dà funfun ti wà nílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runnísọ̀lá ni alábẹ̀wò náà ń jẹ́, ojú rẹ̀ sì le koko. Ó dúró síwájú máàpù, ó kà á, ó tún un kà.

"Ta ló kọ èyí?"

Asiyah nawọ́ sókè.

"Bàbá àgbà mi ni, sà."

"Kí ló dé tó fi kọ ọ́?"

"Wọn ò tíì bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀, sà. Àwọn aṣòfin kan lókè òkun ló ń bá wọn sọ pé kí wọ́n bi wọ́n." Ó kúnlẹ̀. "Bàbá àgbà mi ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tótó ó ṣe bí òwe, sà."

Ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"O ó rí òmíràn pa," ó wí.

Ó yíjú sí ọ̀gá wa. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ sí ní kóòtù bí a ṣe mọ kóòtù, pé kí tíṣà máa là á yé àwọn ọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri yẹn. Ó ní èrò ta nirú nǹkan báyìí?

"Èrò mi ni, sà," ni ọ̀gá wa wí, kò sì ṣẹ́jú.

Baba Àátíìsì padà wá ní Sátidé láti kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ máàpù. Ó gbé agolo ọ̀dà funfun kan dání, ó sì fi lé ọ̀gá lọ́wọ́.

"Kí la fẹ́ fi ṣe, Baba?"

"Ọjọ́ tí wọ́n bá bi wọ́n, mà. Àwọ̀ tí wọ́n bá mú ni kí ẹ pò mọ́ ọn. Funfun ò kọ àwọ̀ kankan."

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ọ̀gá ni agolo náà wà títí di òní. Bí a bá ti wọlé sí táàmù tuntun, Baba Àátíìsì á wọkọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá, á ṣí i, á fi igi rò ó, kó má baà dì, á sì dé e padà. Ọ̀gá tó fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ló ń mú kọ́kọ́rọ́ dúró dè é báyìí. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ ìsinmi lọ.

Ní táàmù tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Asiyah gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí rò ó. Bàbá jókòó, ó ń wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Rò ó dé ìsàlẹ̀," ó sọ fún un. "Ó lè pẹ́."