Apá Onírin tí Fúnpinpin Ṣe fún Ìyàwó Rẹ̀

Fúnpinpin ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkóríta, kò sì sẹ́ni tó purọ́ mọ́ ọn. Ohunkóhun tó bá ti kàn án lọ́wọ́, àfi kó fún un títí yóò fi ké. Ìgò tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ dé, ẹlòmíràn ò lè ṣí i. Wáyà bíréèkì ńkọ́? Ìyẹn tún burú jù. "Wáyà tó bá dẹ̀," a máa wí, "ilé ìwòsàn ló ń múni lọ." Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tó ti já sí gọ́tà rí ló ń sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Àìsàn kan ló ṣe é, àìsàn ọ̀hún sì lọ, àmọ́ kò lọ lọ́wọ́ òfo: ó mú agbára èjìká ọ̀tún dání. Ìka ṣì ń di àlùmágàjí mú dáadáa, ṣùgbọ́n apá fúnra rẹ̀ ò gòkè dé orí tábìlì mọ́. Obìnrin tó ń gé aṣọ fún odidi àdúgbò wá di ẹni tó ń jókòó ti máṣíìnì, tó ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Nígbà tó sú u, ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin pé kó wá gbé máṣíìnì náà lọ ní Sátidé. Ó ní kí lòun ń tọ́jú ohun tóun ò lè lò fún?

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fúnpinpin lára. Ó kó irin àga tó ti kán jọ, ó so wọ́n pọ̀ ní oríkèé méjì, ọ̀kan bí èjìká, ọ̀kan bí ìgúnpá, ó sì dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Awọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe ibi tí apá yóò sùn lé. Wáyà bíréèkì gba ara irin náà lọ bá sípíríǹgì tí yóò máa fà á sókè. Iṣẹ́ náà dára, ká má parọ́. Wáyà nìkan ló kù, ó sì fún un bó ṣe máa ń fún tàwọn oníkẹ̀kẹ́.

"Ó yá, ìyá ilé, gbé apá lé e."

Obìnrin náà fọwọ́ òsì gbé ọ̀tún lé e. Kó tó ṣẹ́jú, apá ti lọ sókè fíofío lójú fèrèsé, kò sì fẹ́ sọ̀ mọ́. Awakọ̀ takisí kan tó ń kọjá tẹ bíréèkì, ó yọrí síta. "Màmá, ibo lẹ ń lọ?"

"Ọkọ mi ni kẹ́ ẹ bi," lobìnrin náà fèsì. "Òun ló ń rán mi níṣẹ́."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n Fúnpinpin ò rẹ́rìn-ín o, Sátidé ló ń rò. Ó tú wáyà díẹ̀, apá já lu tábìlì, gbì. Ó tún fún un, apá tún lọ dá takisí mìíràn dúró. Òógùn bò ó. Kò mọ̀ pé ohunkóhun wà láàárín kéèyàn fún nǹkan àti kéèyàn tú u.

"Ẹ dúró ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Apá ta ni?"

"Tìẹ ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wá máa mọ bó ṣe ń wúwo fún mi? Òwú máṣíìnì, tó bá le jù, aṣọ á súnkì. Tó bá dẹ̀ jù, á lọ́ pọ̀. Ìka aránṣọ ló ń mọ ibi tó tó. Ẹ gbé ibi tí wọ́n ti ń yí wáyà yìí wá sọ́wọ́ òsì mi."

Ọ̀rọ̀ náà dun Fúnpinpin, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún ohun tó fún yí rí. Ó wo sípánà ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó wá nọ́ọ̀tì elétí méjì kan, irú èyí tí ìka lásán ń yí, ó dè é mọ́ ìdí wáyà ní ẹ̀gbẹ́ òsì tábìlì.

Obìnrin náà yí i díẹ̀, ó mi apá ọ̀tún wò, ó tún yí i. Nígbà tó yá, apá dúró lójú kan, kò gòkè, kò sì sọ̀, ibi tó bá sì darí rẹ̀ sí ló ń lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, àbúrò ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù dé. Nídìí tábìlì ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí àlùmágàjí ń jẹ aṣọ lọ ní tirẹ̀. Àbúrò dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó jù ú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọwọ́ yẹn ló ń kí mi káàbọ̀?"

"Ó ń dágbére fún ọ ni. Ó dàbọ̀ o. Máṣíìnì ò lọ síbì kankan."

Àbúrò ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. Fúnpinpin ní tirẹ̀ ti wà lábẹ́ tábìlì, ó ń fún nọ́ọ̀tì kan tí kò dẹ̀, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rọra sọ ọwọ́ ọ̀tún náà kalẹ̀, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lórí.

"Ó ti tó," ló wí. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó sì fi í sílẹ̀.