Má-Fọwọ́-Kàn-Án àti Ojú Ibi Mẹ́ta tí Bàbá Rẹ̀ Kò Kùn

Ó ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tó ń sọ látàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì niṣẹ́ rẹ̀. Kì í kun ara mọ́tò lóde. Bí o bá gbé mọ́tò tó ti dípẹtà wá, tí gíríìsì ti mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà bí ìdí ìkòkò, yóò tú u palẹ̀, yóò fọ̀ ọ́, yóò fi sáńpépà ha á títí irin yóò fi fara hàn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kùn ún lọ́dà tí iná kì í jẹ, títí wàá fi rí eyín ara rẹ nínú rẹ̀.

Ohun tó ń bí i nínú ni pé ọmọ aráyé kò lè rí ọ̀dà tútù kó má fi ìka tọ́ ọ wò. Oníbàárà á fi ìka tọ́ ọ. Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lásán á fi ìka tọ́ ọ. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Kò tíì gbẹ. Á tún bọ́ ọ, á tún un kùn, á máa pòṣé.

Ṣùgbọ́n ìbínú ọdún yìí kọjá ti ìka. Ọ̀rọ̀ mọ́tò bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó kú níbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá, ó fi mọ́tò ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ ọ̀rá. Ó ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì ti kun gbogbo ihò tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó sí ní búlúù tó jinlẹ̀, kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Ó ku ẹrù inú páálí mẹ́ta: ìdérí ẹ́ńjìnnì, irin tí bátìrì ń jókòó lé, nọ́ọ̀tì àti bóòtù bí igba.

Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu bàbá yẹn. Bí o bá bi í léèrè, á ní, "Máa wò ó." Ọdún mẹ́sàn-án ni Má-Fọwọ́-Kàn-Án fi wò ó. Nígbà tí bàbá ń kun búlúù yẹn, ó fi ojú ibi mẹ́ta sílẹ̀ láìkùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìdérí ìgò lọ. Ọmọ rẹ̀ rí i.

"Bàámi, ẹ fo ibì kan."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó parí. Kò sí àlàyé. Láàárín ọjọ́ yẹn, bàbá ti ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Ọmọ rò pé ojú ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, kó má bàa dójú tì í.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó di ojú ibi mẹ́ta yẹn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó wí pé arúgbó náà kò ríran mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi po búlúù kó tó bá ti bàbá rẹ̀ mu. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó kun àwọn bóòtù tó ń wọ ibẹ̀ pẹ̀lú, látorí dé ìdí. Kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí ọwọ́ bàbá pin sí, tí ọwọ́ ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó jókòó sórí garawa. Ó pẹ́ kó tó dìde.

Ìdérí ẹ́ńjìnnì ló wá kàn. Ọ̀dà pupa ni, irú èyí tí ara rẹ̀ máa ń hunjọ bí awọ iwájú orí arúgbó bí iná bá kàn án. Ó gbé e sínú ófùn àtijọ́ tí wọn ò fi se nǹkan mọ́ nílé, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Màámi, mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ọwọ́ kẹ̀? Ìka kan péré ni."

Ó tún un kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Gbogbo èyí, kánmọ́kánmọ́ ló ń ṣe é. Àbúrò bàbá rẹ̀, wẹ́dà tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, ti sọ fún gbogbo ilé pé òun nílò àyè ẹ̀yìn yẹn láti kó géètì sí. Bí mọ́tò náà kò bá dá dún di àárọ̀ Sátidé, àwọn tó ń kó irin àlòkù yóò wá gbé e. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó wá wo iṣẹ́.

"Ṣé mọ́tò nìyí àbí àwo ìjẹun? Ó dán, mi ò jiyàn. Ṣé ó ń rìn?"

Ní Tọ́sìdeè, mẹkáníìkì dá ẹ́ńjìnnì padà. Ní Fúráìdeè, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó ró *tá*. Kò sọ nǹkan míì. Bátìrì tuntun ni. Mẹkáníìkì ní sítátà ni, ó pààrọ̀ rẹ̀. *Tá*. Ó ní ibi kọ́kọ́rọ́ ni, ó tú ìyẹn. Kò tiẹ̀ wá ró *tá* mọ́. Gbogbo bó ṣe ń ṣe é ni Má-Fọwọ́-Kàn-Án ń pariwo pé kó má gbé sípánà lé búlúù, kó má fara ti búlúù, kó má mí sórí búlúù. Mẹkáníìkì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní ó di ọ̀la.

Àárọ̀ Sátidé, ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ àgbà obìnrin, ẹ̀gbọ́n Má-Fọwọ́-Kàn-Án, ẹni tó ń ṣe réwáyà, iṣẹ́ iná mọ́tò, ní òdìkejì ìlú. Obìnrin náà dé pẹ̀lú gílóòbù kékeré tó fi ń dán iná wò. Ó tẹ̀ lé wáyà dúdú bátìrì títí dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ ara mọ́tò. Ó dúró.

"Ta ló kun ibí?"

"Èmi ni. Bàámi fò ó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gílóòbù náà kan búlúù; kò tàn.

"Bàámi ò fò ó. Ara irin ni iná bátìrì ń gbà padà. Ọ̀dà ò lè gbé iná. Bàámi fi í sílẹ̀ fún wáyà ni."

Ló bá jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní òun ti fura látàná. Má-Fọwọ́-Kàn-Án bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Ṣé ò bá jẹ́ kí n ha á?"

Lẹ́nu géètì, ọkọ̀ àwọn onírin àlòkù ti ń fún fèrè, àbúrò bàbá rẹ̀ sì ń júwe ọ̀nà fún wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na sáńpépà jáde. Má-Fọwọ́-Kàn-Án gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun fúnra òun ni yóò ṣe é.

Ó tẹrí ba sínú ihò yẹn, ó ń ha á. Búlúù ọjọ́ mẹ́ta. Ó ha ti ẹ̀gbẹ́ bátìrì, ó ha ti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó ha ìdí bóòtù. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Bàbá kan wà, ó lẹ́nu, ó léyín, ó láhọ́n. Gbólóhùn kan péré. Kí ló máa ná an?

Wọ́n de wáyà padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò náà wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dá dún.

Àbúrò bàbá rẹ̀ dúró sí ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ó ní èéfín rẹ̀ ń wọ ṣọ́ọ̀bù òun. Ó ní kí àwọn onírin má wulẹ̀ padà lọ́wọ́ òfo, ó nawọ́ sí géètì kan tó ti wọ́, ó ní kí wọ́n gbé ìyẹn. Ó wá sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì na ìka sí ìdérí pupa náà. Má-Fọwọ́-Kàn-Án la ẹnu. Ó pa á dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kun èyí?"

"Rárá, Bàbá Kékeré. Èmi ni."

"Ó jọ tiẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ojú ibi kẹta. Abẹ́ ibi tí iná iwájú wà ni. Kò sí wáyà tó dé ibẹ̀. Kò sí ihò bóòtù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó yí ká, ó ní ó lè jẹ́ pé ìyẹn ni bàbá fò lóòótọ́.

Ó mú sáńpépà, ó ha ìyẹn náà títí irin fi yọ.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi," ló wí, kì í ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó pòṣé. Ó ki ìka bọ gíríìsì, ó sì fi pa ojú irin náà, kó má bàa dípẹtà.